Wíwá Orúkọ Nínú Yàrá àti Lóde: Bí Èdè R Ti Ń Dáhùn Ìbéèrè “Ǹjẹ́ Ó Wà?”

Ní agbo ilé kan ní Òkè-Ọ̀dàn, bí baálé bá jókòó sí iwájú ilé tí ó sì wí fún ọmọ rẹ̀ pé, “Lọ bá mi wò ó nínú yàrá, bóyá ọkọ́ wà,” ọmọ náà lè padà wá kí ó wí pé, “Ó wà, Bàbá. Mo ti fi í sínú apẹ̀rẹ̀.” Baálé yóò gbé apẹ̀rẹ̀, yóò sì mú ọ̀nà oko pọ̀n. Ìgbà tí ó bá dé oko ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọkọ́ inú apẹ̀rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀: ọkọ́ àbúrò rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n gbé ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì ti kú láti ọdún èṣí. Ọmọ kò purọ́. Ó wo yàrá, kò rí ọkọ́. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí ọkọ́. A sì bi í bóyá ọkọ́ wà. Ohun tí baálé fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọkọ́ wà nínú yàrá. Ohun tí ọmọ dáhùn ni bóyá ọkọ́ wà nínú ilé.

Irú ẹjọ́ báyìí ni ó máa ń wà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ àti èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ R. Èdè náà ni a fi ń ṣe ìṣirò lórí ohun tí a bá kà tàbí tí a wọ̀n jọ: iye ènìyàn ìlú, ìkórè oko, máàkì àwọn ọmọ ilé-ìwé, gígùn fáwẹ̀lì lẹ́nu àwọn tí ń sọ ẹ̀ka-èdè kan. Kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ìṣirò nìkan, nítorí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè pẹ̀lú ti sọ ọ́ di irinṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà lè gbà á láìsan kọ́bọ̀, èyí kì í sì ṣe ohun kékeré fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ń ronú owó ilé àti owó oúnjẹ.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ní ọdún 1976 ni John Chambers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èdè kan tí wọ́n pè ní S. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, olùkọ́ méjì ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, Ross Ihaka àti Robert Gentleman, dá èdè mìíràn sílẹ̀ tí ojú rẹ̀ jọ S, ṣùgbọ́n tí ìwà inú rẹ̀ wá láti ara èdè àgbà kan tí ń jẹ́ Scheme. Lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n fi í han aráyé ní ọdún 1993, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1995, ẹ̀dà 1.0.0 sì jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2000. Ìwà tí ó jogún lọ́dọ̀ Scheme yìí ni ó fa ọ̀rọ̀ tí à ń sọ.

Àkójọ àṣẹ tí a dì pọ̀ tí a sì fún ní orúkọ, kí a lè máa pè é nígbàkígbà tí iṣẹ́ kan náà bá tún délẹ̀, ni a ń pè ní fọ́ńṣọ̀n. Ìyá tí ń ta gàrí ní irú rẹ̀ lórí: mú iye kóńgò, fi owó kóńgò kan sọ ọ́ di púpọ̀, yọ ẹ̀dínwó kúrò. Oníbàárà ń yí padà, ọ̀nà ìṣirò kò yí. Nínú R, nígbàkígbà tí a bá pe fọ́ńṣọ̀n kan, ó ń ṣí yàrá tirẹ̀. Ohun tí a bá fà lé e lọ́wọ́ wà nínú yàrá náà. Orúkọ tí ó bá dá fúnra rẹ̀ nígbà iṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí iṣẹ́ bá sì parí, yàrá náà a máa túká, àfi bí ohun mìíràn bá ṣì di í mú.

Bí fọ́ńṣọ̀n bá wá dárúkọ ohun tí kò sí nínú yàrá rẹ̀ ńkọ́? R kì í sọ pé kò sí lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó ń jáde lọ wá a. A wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yàrá náà ṣí sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, a bọ́ sí àgbàlá, níbi tí gbogbo ohun tí òǹlò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá láti àárọ̀ wà. Láti àgbàlá a kọjá sí ilé àwọn aládùúgbò, èyíinì ni àwọn àpò iṣẹ́ tí a ti kó wọlé, èyí tí a kó wọlé gbẹ̀yìn ni a ń kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn èyí ni ó tó kan ilé ìpìlẹ̀ tí ń jẹ́ base. Ìgbà tí ó bá yí gbogbo ibi wọ̀nyí ká láìrí nǹkan ni yóò tó kígbe pé a kò rí ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ta ni ó ń wò? Ibí yìí ni ìwà Scheme ti hàn. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn kan lè máa ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Ìlaróò. Bí ó bá wá irinṣẹ́ kan tì nínú àpò rẹ̀, kì í ṣe ilé ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un ni yóò ti lọ bèèrè; yóò ránṣẹ́ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fọ́ńṣọ̀n inú R: ibi tí a ti kọ ọ́ ni ilé rẹ̀, kì í ṣe ibi tí a ti pè é. Ẹni tí ó bá pè é lè ní orúkọ náà nínú yàrá tirẹ̀, kò kàn án. Èyí dára púpọ̀, nítorí ó jẹ́ kí fọ́ńṣọ̀n máa hùwà kan náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá pè é. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú fọ́ńṣọ̀n tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ jẹ́ èyí tí a bí sí àgbàlá gan-an, àgbàlá akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa kún fún oríṣiríṣi nǹkan.

Kí a mú àpẹẹrẹ kan. Gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn ọdún 2006, iye ènìyàn ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ 9,113,605, ti Ògùn jẹ́ 3,751,140, ti ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, níbi tí Ìlaróò àti Òkè-Ọ̀dàn wà, sì jẹ́ 168,850. Kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ mọ ìdá tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó nínú iye ènìyàn ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣe ti Èkó, ó sì kọ ọ́ sí àgbàlá pé apapo <- 9113605. Ní ọjọ́ kejì, ó bọ́ sí ọ̀rọ̀ Ògùn, ó sì kọ fọ́ńṣọ̀n yìí:

ida <- function(iye) {
  if (!exists("apapo")) apapo <- 3751140
  100 * iye / apapo
}

Èrò rẹ̀ kò burú. Ó ní bí kò bá sí àpapọ̀ kankan nínú yàrá yìí, kí a lo ti Ògùn. Ó pe ida(168850), ìdáhùn tí ó sì rí gbà ni 1.85. Ìdáhùn tí ó tọ́ ni 4.50. Àṣẹ exists wo inú yàrá, kò rí apapo. Ó jáde sí àgbàlá, ó bá apapo ti Èkó níbẹ̀, ó sì dáhùn pé TRUE, èyíinì ni pé ó wà. Nípa bẹ́ẹ̀, R kò dá apapo tuntun. Ti Èkó ni ó fi pín ènìyàn Gúúsù Yewa. Kò sí ìkìlọ̀, kò sí igbe, kò sí ohun kan lójú kọ̀ǹpútà tí ó lè fu ènìyàn lára. Bí ó bá jẹ́ pé owó tí ó tó 100 mílíọ̀nù náírà ni a fẹ́ fi iye ènìyàn pín fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn, Gúúsù Yewa tí ó yẹ kí ó gba nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ kò ní gbà tó mílíọ̀nù méjì.

Ohun tí ó tún wá burú jù ni pé àṣìṣe náà kì í jẹ́ kí ọwọ́ bà á. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi fọ́ńṣọ̀n náà ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà olùkọ́ kò ní apapo Èkó ní àgbàlá, nítorí náà ìdáhùn tí olùkọ́ yóò rí ni 4.50. Ìwé kan náà, fọ́ńṣọ̀n kan náà, iye kan náà, ìdáhùn méjì. Olùkọ́ tí kò bá mọ ìwà exists lè rò pé ọmọ náà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye sí ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò hùwà àìtọ́ yóò sì máa búra lórí ohun tí òun pẹ̀lú kò mọ ìdí rẹ̀. Àṣà R mìíràn sì wà tí ó ń dá kún un: bí a bá fẹ́ jáde nínú rẹ̀, ó máa ń bèèrè bóyá kí ó tọ́jú ohun tí ó wà ní àgbàlá. Bí a bá ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan tí ń jẹ́ .RData, yóò sì tún tú u sílẹ̀ sí àgbàlá nígbà tí a bá padà wá. Apapo tí a dá ní oṣù tí ó kọjá lè máa dúró dè wá níbẹ̀ nígbà tí a ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Àtúnṣe kékeré kan wà. Àṣẹ exists ní ohun kan tí ń jẹ́ inherits, tí iye rẹ̀ jẹ́ TRUE bí a kò bá sọ nǹkan kan. Òun ni ó ń sọ fún R pé kí ó máa jáde lọ wá orúkọ kiri. Bí a bá kọ exists("apapo", inherits = FALSE) nínú fọ́ńṣọ̀n, a ti sọ fún ọmọ tí a rán pé inú yàrá yìí nìkan ni kí ó wò, kí ó má ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà náà ìdáhùn yóò jẹ́ FALSE, apapo Ògùn yóò wọlé, 4.50 yóò sì jáde ní Òkè-Ọ̀dàn àti ní ibikíbi. Kí a kíyè sí i pé orúkọ náà wà láàárín àmì ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá kọ exists(apapo) láìsí àmì kò bèèrè nípa orúkọ mọ́. Ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí ni ó gbé kalẹ̀, R yóò sì bá a jà.

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú R, ilé náà kún ju bí a ti rò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí R, tí kò tíì dá ohunkóhun, lè bèèrè exists("df"), kí ó sì gbọ́ pé TRUE. Ta ni df? Fọ́ńṣọ̀n kan ni tí ó ti bá R wá, tí ó jẹ mọ́ ìṣirò tí a fi orúkọ F pè. Bẹ́ẹ̀ ni c, t, data, àti mean ti ní ẹni tí ń jẹ́ wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn wọ̀nyí gan-an sì ni orúkọ kúkúrú tí ó máa ń wá sí ọwọ́ ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ iye ni a ń wá tí kì í ṣe fọ́ńṣọ̀n, a lè fi mode = "numeric" kún ìbéèrè wa; nígbà náà R kò ní ka fọ́ńṣọ̀n tí ó bá ń jẹ́ orúkọ náà sí.

Ọ̀ràn kan wà tí ó máa ń da àwọn tí ó ti gbọ́n pàápàá láàmú. Bí fọ́ńṣọ̀n bá ní àyè fún ohun kan tí a ó fà lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó pè é kò fà á lé e lọ́wọ́, ǹjẹ́ orúkọ náà wà nínú yàrá? Ó wà. Bí ìgbà tí a tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún àlejò ni: ẹní wà nílẹ̀, a sì mọ ẹni tí a tẹ́ ẹ fún, ṣùgbọ́n àlejò kò dé. Bí a bá bi exists, àní pẹ̀lú inherits = FALSE, yóò ní TRUE, nítorí ó rí ẹní. Bí a bá wá fẹ́ lo ohun náà, R yóò ké pé a kò mú un wá. Ìbéèrè tí ó tọ́ níbí ni missing(apapo), tí kò béèrè nípa ẹní bí kò ṣe nípa àlejò. Ìdí ṣíṣe exists yàtọ̀ sí ti missing, ẹni tí ó bá sì ń fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì yóò kan ìdààmú lọ́jọ́ kan. NULL pẹ̀lú ní ìwà tirẹ̀. Orúkọ tí a fi NULL sí wà, bí igbá tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ti ṣì jẹ́ igbá, is.null ni a fi ń wo inú igbá, exists ni a fi ń wá igbá fúnra rẹ̀.

Kò tún yẹ kí a lo exists fún òpó inú àtẹ. Bí àtẹ kan bá ń jẹ́ ìlú, tí òpó iye_eniyan sì wà nínú rẹ̀, orúkọ òpó náà kò sí ní àgbàlá. Inú àtẹ ni ó fara pamọ́ sí. "iye_eniyan" %in% names(ilu) ni ìbéèrè tí ó tọ́. Àwọn kan a máa kọ ilu$iye kí wọ́n sì wò ó bóyá yóò mú NULL wá. Ọgbọ́n náà kò pé, nítorí àmì $ a máa parí orúkọ fún ènìyàn: bí kò bá rí iye, tí ó sì rí iye_eniyan nìkan tí ó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò gbé iye_eniyan jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí jọ ọmọ tí a rán sí Akin tí ó lọ mú Akínwándé wá.

Agbègbè Yewa fúnra rẹ̀ fún wa ní ẹ̀kọ́ lórí èyí. Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà títí di ọdún 1995 tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yewa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kó àtẹ ìkànìyàn ọdún 1991 àti ti ọdún 2006 jọ, tí ó sì ní kí fọ́ńṣọ̀n rẹ̀ wá Gúúsù Yewa nínú àwọn méjèèjì, yóò gbọ́ pé kò sí i nínú ti àkọ́kọ́. Òótọ́ ni R sọ: orúkọ náà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà wà, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì wà. Bí ó bá sì fẹ́ fi Gúúsù Ẹ̀gbádò rọ́pò rẹ̀, kí ó rántí pé ní ọdún 1996 ni wọ́n gé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun jáde, tí Ìpókíá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nítorí náà orúkọ méjèèjì kò tọ́ka sí ilẹ̀ kan náà ní ìwọ̀n. Kò sí àṣẹ kan nínú R tí ó lè mọ èyí. Ẹni tí ó mọ ìtàn ilẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fún un.

Ti àmì ohùn kù. Àwọn tí ń ka ìwé yìí fẹ́ràn kí a kọ Yorùbá dáadáa, ó sì lè wù wọ́n kí wọ́n fi àmì sí orúkọ inú fọ́ńṣọ̀n wọn: àpapọ̀, kì í ṣe apapo. Ìfẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Lẹ́tà bí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. A lè fi ọ tí ó ti ní àmì nísàlẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ kí a fi àmì ohùn lé e lórí, a lè bẹ̀rẹ̀ láti o lásán kí a fi àmì méjèèjì kún un, a sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ò kí a fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. R kì í sọ wọ́n di ọ̀kan. Orúkọ tí a fi bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà tẹ̀ àti orúkọ tí a fi fóònù tẹ̀ lè yàtọ̀, exists yóò sì ní FALSE fún ohun tí ojú wa rí pé ó wà. Nítorí náà, kí a pa àmì mọ́ fún ohun tí ènìyàn yóò kà, bí àkọlé àtẹ àti ọ̀rọ̀ inú àwòrán, kí a sì jẹ́ kí orúkọ inú fọ́ńṣọ̀n wà ní lẹ́tà lásán. Ó dunni, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí iṣẹ́ bàjẹ́ lọ.

Bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀pọ̀ ìgbà tí ènìyàn bá kọ exists sínú fọ́ńṣọ̀n, ohun mìíràn ni ó yẹ kí ó kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ìbá ti kọ ọ́ báyìí:

ida <- function(iye, apapo = 3751140) 100 * iye / apapo

Apapo ti di ohun tí a ń fà lé fọ́ńṣọ̀n lọ́wọ́. Bí a kò bá fà á lé e lọ́wọ́, ti Ògùn ni yóò lò. Bí a bá fẹ́ ti Èkó, a ó sọ ọ́ ní gbangba. Ohun yòówù kí ó wà ní àgbàlá, kò kàn án. Ibi tí exists ti wúlò gan-an ni ibi tí a kò ti lè mọ orúkọ tẹ́lẹ̀, bí ìgbà tí fọ́ńṣọ̀n ń gba orúkọ láti ọwọ́ òǹlò. Láti ẹ̀dà 3.2.0 tí ó jáde ní ọdún 2015, àṣẹ get0 wà pẹ̀lú tí ó ń wá orúkọ, tí ó sì ń gbé ohun tí a bá yàn fún un kalẹ̀ bí kò bá rí i. Òun náà ní inherits, kí a má gbàgbé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí fọ́ńṣọ̀n rẹ̀ ń yá lóde lè lo findGlobals tí ó wà nínú àpò codetools tí ó bá R wá. Yóò ka orúkọ gbogbo ohun tí fọ́ńṣọ̀n náà ń gbà láti ìta. Ṣùgbọ́n kò ní dá fọ́ńṣọ̀n àkọ́kọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́bi lórí apapo, nítorí ó rí i pé fọ́ńṣọ̀n náà dá apapo níbì kan nínú ara rẹ̀, ó sì kà á sí ti ilé. Ohun tí yóò tú àṣírí rẹ̀ ni kí a ti R pa láìtọ́jú ohunkóhun, kí a tún un ṣí pẹ̀lú àgbàlá òfìfo, kí a pe ida(168850) lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a sì fi 4.50 tí yóò jáde wé 1.85 tí ó wà nínú ìwé.